Míksà Tí Kò Kùn Mọ́

6:10 àárọ̀. Òjò òru ti dá, ṣùgbọ́n omi ṣì ń kán létí páànù. Nínú yàrá kan ní Phase 4, Kubwa, ní Abuja, DJ kan tẹ bọ́tìnnì ẹ̀yìn míksà rẹ̀. Iná kékeré aláwọ̀ ewé tàn. Ó so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn, ó ki ṣájà láptọ́ọ̀pù bọ sókẹ́ẹ̀tì, ó wá yí ohùn sókè láì fi orin kankan sí i.

Míksà ń kùn.

Ìró náà kò lágbára. Ó rẹlẹ̀, ó ki, kò sì sinmi. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tó ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní ilé ọtí tí gbogbo ènìyàn ti ń pariwo, kò sẹ́ni tó kà á sí. Òde ti òní yàtọ̀. Ìyá kan láti Ìsánlú pé 70 ọdún. Ọmọ rẹ̀ àgbà, tó ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì ìjọba àpapọ̀, ti kìlọ̀ lórí fóònù: àdúrà máa pọ̀, àwọn àgbà máa sọ̀rọ̀, òun kò fẹ́ gbọ́ "húú" lábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni.

6:25. Ó pààrọ̀ wáyà orin. Ó ń kùn. Ó yọ ọ́ kúrò ní ṣánẹ́ẹ̀lì kìíní, ó kì í bọ ìkẹta. Ó ń kùn. Ó fa bọ́tìnnì ṣánẹ́ẹ̀lì náà wálẹ̀ pátápátá. Ìró náà lọ. Ó fà á sókè. Ó padà dé. Ṣánẹ́ẹ̀lì máìkì, tó dá wà lápá òsì, dákẹ́ rọ́rọ́. Gbogbo èyí ló fojú rí. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ilẹ̀ fi ṣú.

6:40. Ó yí míksà náà, ó ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀: 100 sí 240 fóòtì. Ibí yìí kò ní wàhálà. Iná ilé ní Japan jẹ́ 100 fóòtì, ti Amẹ́ríkà 120, ti Nàìjíríà 230. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń pa ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tòkunbọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí iná ilé wa. Èyí kò kú. Ọjà Alaba ló ti rà á, míksà alágbára, irú èyí tó ń gbé sípíkà fúnra rẹ̀ láìsí ẹ̀rọ mìíràn láàárín. Wọ́ráńtì tí wọ́n fún ẹni tó kọ́kọ́ rà á lókè òkun ti tán kí ẹ̀rọ náà tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ti Alaba kúrú jùyẹn lọ. Wọ́n tan án lójú oníbàárà, ó ṣiṣẹ́, owó bọ́ sọ́wọ́ wọn, wọ́ráńtì parí.

6:55. Ó pe bàbá kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Kubwa Village, ọmọ Ìlọrin, tí gbogbo DJ àdúgbò ń pè ní Alájì.

"Alájì, ẹ káàárọ̀ sà. Míksà mi ló ń kùn."

"Ó ń kùn báwo? Kí lo so mọ́ ọn?"

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. DJ náà kò gbọ́ ìbéèrè kejì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè máa gbé e bọ̀ báyìí?"

"Suleja ni mò ń lọ, yìgì ọmọ àbúrò mi. Ó di aago méjì kí n tó dé. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i. Ṣé o gbọ́? Má jẹ́ kí wọ́n ṣí i."

Fóònù já. Aago méjì ni òde náà máa bẹ̀rẹ̀.

7:35. Ọkọ̀ Golf àtijọ́ kan jáde sí òpópónà Kubwa Express. DJ ló ń wa ọkọ̀. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 19, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé láptọ́ọ̀pù àti ṣájà rẹ̀ lé itan. Míksà wà lẹ́yìn, wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì wé e. Wọ́n kọjá Gwarinpa, wọ́n kọjá Katampe. Ní Berger, ọkọ̀ dúró fún ìgbà pípẹ́.

8:50. Ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ọjà Wuse ṣílẹ̀kùn. Kò fẹ̀ ju ẹnu géètì lọ. Òkú ẹ̀rọ kún ara ògiri títí dé àjà: sitẹríò, amúlìfáyà, tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti bó lójú. Ẹni tó ni ín kò tíì pé 30 ọdún. Ó yára lọ́wọ́, ó sì lórúkọ pé oníbàárà kì í sùn sọ́dọ̀ òun.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ fẹ́ gbà á?"

"Kí aago mọ́kànlá tó lù."

"Ẹ jókòó."

9:05. Ó tú ìdérí. Ṣúúrù mẹ́jọ ló mú un. Ó ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń jù wọ́n sínú ìdérí agolo mílíìkì. Ìkẹjọ kọ etí agolo, ó bọ́ sílẹ̀, ó yí wọ abẹ́ tábìlì. Kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

Inú míksà náà kún fún eruku. Ìyẹ́ aáyán kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fáànù. Níbi tí iná ti ń wọlé, wáyà mẹ́ta ló jáde. Èyí aláwọ̀ igi ló ń gbé iná wọlé. Èyí aláwọ̀ aró ló ń gbé e padà. Ẹ̀kẹta jẹ́ aláwọ̀ ewé tó ní ìlà ìyeyè lára, èyí tí àwọn oníná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Kò gùn ju ìka ọwọ́ àárín lọ. Láti ibi tí iná ti ń wọlé, ó lọ tààrà sí ara irin míksà, wọ́n fi ṣúúrù dè é mọ́lẹ̀ gírígírí. Kì í gbé orin. Láàárọ̀ títí dalẹ́, kò níṣẹ́ kankan tí ojú lè rí.

9:30. Atúnrọṣe náà fọwọ́ kan orí kapásítọ̀ ńlá méjì tó wà nínú páálí iná. Ọ̀kan wú díẹ̀. Ó ní ìyẹn ló ń kùn. Àbá náà kò burú. Kapásítọ̀ tó bá ti ń kú máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kùn lóòótọ́, àwọn tó mọṣẹ́ sì ń fi etí lásán dá a mọ̀: ìró tirẹ̀ máa ń lọ ní ìlọ́po méjì iná ilé, 100 lísẹ́kọ́ńdù, ó máa ń dún bí agbọ́n. Èyí tó wà nínú míksà yìí rẹlẹ̀ jùyẹn. Iná Nàìjíríà ń lọ ní 50. Ìró yìí ń lọ ní 50. Kò sẹ́ni tó fetí sí i fún ìyẹn.

Ó fi sukudiráfà já ẹsẹ̀ kapásítọ̀ náà pọ̀. Iná ta pàràpàrà. Ó jó òjé, ó yọ méjèèjì, ó mú méjì mìíràn láti inú òkú ẹ̀rọ kan lára ògiri, ó jó wọn mọ́lẹ̀. Ó ṣe é dáadáa. Òjé rẹ̀ ń dán. Kó tó tan ẹ̀rọ, ó kọ́kọ́ jẹ́ kí iná gba inú gílóòbù kan kọjá, kó má baà jóná bí nǹkan bá ṣì bàjẹ́. Gílóòbù mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣú. Àmì rere nìyẹn.

10:05. Wọ́n so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn. Ọmọbìnrin náà ki ṣájà bọ sókẹ́ẹ̀tì. Míksà ń kùn.

10:20. Atúnrọṣe ń jó ẹnu ihò wáyà orin. Ó ń kùn. Ó pààrọ̀ ọ̀kan pátápátá. Ó ń kùn. Òógùn ń ṣàn létí rẹ̀. Àwọn oníbàárà méjì ti tò sẹ́nu ọ̀nà.

10:41. Ọmọ ìyá olójọ́ìbí pè. Kánópì ti dúró. Èwo ni ti DJ?

10:48. Atúnrọṣe náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó wo inú míksà fún ìgbà díẹ̀. Ó pa iná. Ó mú pílẹ́yà kékeré. Ó fi ìka kan gbé wáyà aláwọ̀ ewé sókè, ó gé e láàárín. Ó fi téèpù dúdú wé ẹnu ibi tó gé, ó wé e lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó tan ẹ̀rọ. Ó fa bọ́tìnnì sókè dé òpin.

Kẹ́kẹ́ pa.

"Ẹ gbọ́?" ni atúnrọṣe wí. DJ rẹ́rìn-ín. Ó súnmọ́ sípíkà, ó gbé etí lé e. Kò sí ohun kankan níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó dúró sẹ́nu ọ̀nà pàtẹ́wọ́.

10:55. Ìdérí kò fẹ́ jókòó. Bó ṣe ń tú páálí iná tó sì ń dá a padà, wáyà aláwọ̀ igi ti kúrò láàyè rẹ̀. Ó tẹ̀ sókè lẹ́bàá etí irin. Atúnrọṣe fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìdérí náà mọ́lẹ̀. Ó wọ̀lẹ̀. Ó de ṣúúrù méje. Ó wo inú agolo, ó wo ilẹ̀, ó jọ̀wọ́ ẹ̀kẹjọ.

DJ san náírà 15,000. Ọmọbìnrin náà yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù kí wọ́n tó pa míksà. Ẹ̀yìn ọwọ́ DJ fara kan irin rẹ̀. Ó já ọwọ́ gbà.

"Ó ta mí."

"Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n. Iná ara ni."

Lásìkò yẹn, òótọ́ ló sọ.

11:40. Òjò ká wọn mọ́ Katampe, ó fi wọ́n sílẹ̀ ní Gwarinpa.

12:25. Ilé olóde wà ní ẹ̀yìn Arab Road. Àgbàlá fẹ̀. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ íńtálọ́ọ̀kì, ìdajì tó kù jẹ́ ilẹ̀ pupa, ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ àga ńlá fún olójọ́ìbí sí, kí fọ́tò lè rí òdòdó ẹ̀yìn rẹ̀. Iná ìjọba ti lọ láti aago mẹ́sàn-án. Àdúgbò yìí kò sí nínú Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 fún lóòjọ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ń dún lẹ́yìn ilé. Lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ṣéńjófà wà, irin tí wọ́n ń tì sókè fún iná ìjọba, tí wọ́n ń fà wálẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì ló ń mójú tó o.

Oníná tó ṣe wáyà ilé náà ṣe iṣẹ́ gidi. Sókẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní ẹ́ẹ̀tì, irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ sì wà lẹ́bàá ògiri, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé.

13:10. DJ to ẹrù rẹ̀ sórí tábìlì onígi lábẹ́ kánópì. Sípíkà méjì, kò sí èyí tó ní wáyà iná tirẹ̀. Míksà ló ń gbé wọn. Bọ́ọ̀dù sókẹ́ẹ̀tì mẹ́rin: míksà, ṣájà láptọ́ọ̀pù, fáànù, iná ayàwòrán. Máìkì rẹ̀ jẹ́ onírin, oníwáyà, ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó níbi tí ìka ti ń dì í mú. Ó tẹ́tí. Ohùn mọ́.

14:00. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ lo ìṣẹ́jú 17. Lábẹ́ ohùn rẹ̀, kò sí ìró mìíràn. Ọmọ olóde na àtàǹpàkò sí DJ láti ọ̀nà jíjìn.

14:38. Fóònù DJ ń mì lórí tábìlì. Alájì ni. Sípíkà ti bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó tún mì ní 14:40.

15:05. Ijó. Àwọn ọmọ olóde wọlé pẹ̀lú aṣọ ẹbí aláwọ̀ ọsàn. Nítorí àwọn EFCC tó ń mú ẹni tó bá náwó lóde, ẹnikẹ́ni kò ná owó lé ìyá lórí. Agbọ̀n ni wọ́n gbé kalẹ̀, wọ́n ń jó lọ síbẹ̀, wọ́n ń rọra ju owó sí i bí ẹni ń san ìdámẹ́wàá. DJ gbé ìró ìlù ìsàlẹ̀ sókè. Tábìlì ń gbọ̀n. Ife omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù ń mì lójú. Míksà náà ń gbọ̀n pẹ̀lú wọn, ìdérí rẹ̀ ń lu etí irin díẹ̀díẹ̀ níbi tí ṣúúrù kò sí.

Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

16:05. Òjò. Wọ́n fi ọ̀rá bo tábìlì, wọn kò pa orin. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kó tó dá. Omi gba ẹ̀gbẹ́ kánópì wọlé, ó dúró sórí ilẹ̀ pupa níwájú àga ìyá.

16:30. Ìyá bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ ti ń dùn ún.

16:36. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan láti Kàbbà wá sídìí tábìlì DJ, fóònù rẹ̀ ti fẹ́ kú.

"Ọmọ mi, ibo la ti lè ṣájì?"

DJ wo láptọ́ọ̀pù. Ó ti kún. Ó yọ ṣájà rẹ̀ kúrò nínú bọ́ọ̀dù, ó fi àyè náà fún bàbá. Bàbá dúpẹ́, ó ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ míksà, ó lọ.

16:50. Wọ́n gé kéèkì.

17:04. MC kéde pé ìyá fẹ́ gbàdúrà fún gbogbo ènìyàn fúnra rẹ̀. Ó jẹ́ ọkùnrin sísanra, bàtà rẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀ rọ́bà tó ga bí ìka méjì. Láti aago méjì ni máìkì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

17:06. Ìhó ta láti ilé kan, ó kọjá sí èkejì, ó gba gbogbo òpópónà. "Up NEPA!" Ọdún 2005 ni orúkọ NEPA ti kúrò lára iná Nàìjíríà, ọdún 2013 ni ìjọba fa pípín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, ẹnu àwọn ọmọdé kò gbọ́ ìròyìn náà. Lábẹ́ kánópì, àwọn àgbà náà hó.

17:08. Ọmọ géètì ti irin ṣéńjófà sókè. Iná lọ, iná dé. Jẹnẹrétọ̀ kú. Àgbàlá dákẹ́ lójijì, ẹyẹ kan sì gbọ́ ara rẹ̀. Láàárín ìyípadà náà, MC ti gbé máìkì lélẹ̀ lórí tábìlì láti nu òógùn. Iná aláwọ̀ ewé tàn lójú míksà. DJ fa bọ́tìnnì sókè, ó tẹ́tí. Ohùn kò tíì mọ́ tó báyìí láti àárọ̀.

17:09. "Gbé e fún Mọ́mì," ni DJ wí fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ó mú máìkì. Ó wọ sílípáàsì rọ́bà, orí íńtálọ́ọ̀kì ló dúró sí. Ohunkóhun kò ṣe é. Ó fa wáyà dání, ó rìn dé iwájú àga ńlá. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. Ó bọ́ sílípáàsì kúrò lẹ́sẹ̀, kó má baà fi ẹrẹ̀ ta aṣọ ìyá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di máìkì mú, ó kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì.

17:10. Ìyá na ọwọ́. Ọmọbìnrin náà kò gbé máìkì fún un.

"Mú un wá, ọmọ mi."

Sípíkà dún gbà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìka ọmọ náà ti di mọ́ ara irin náà, funfun ní oríkèé. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. MC rò pé ijó ni, ó rẹ́rìn-ín. Ẹnu ọmọ náà là, kò sí ohùn. Ìyá tẹ̀ síwájú lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lásán wà nínú omi, ó na ọwọ́ sí i láti gba máìkì.

DJ fo tábìlì. Ó sá ìgbésẹ̀ méjì síwájú, ó dúró, ó yí padà. Ó bọ́ sórí bọ́ọ̀dù, ó fa ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà, gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ọmọbìnrin náà ṣubú sí ẹ̀gbẹ́. Máìkì yí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìka ìyá kù díẹ̀ kó kàn án.

17:12. Ó ń mí.

17:15. Golf náà jáde ní géètì, ó yí sí ọ̀nà ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Kubwa.

18:05. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ àyà rẹ̀, wọ́n ń wo bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Àmì kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀, róbótó, funfun láàárín, pupa létí. Orúnkún rẹ̀ pọ́n. Dókítà ní yóò sùn síbẹ̀ mọ́jú, nítorí ọkàn tí iná bá ti gbà kọjá lè ṣì ṣe ségesège lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

19:20. Ó béèrè sílípáàsì rẹ̀.

20:20. Alájì fi fìlà ìgbéyàwó rẹ̀ sí orí ṣẹ́ẹ̀fù, ó tan iná ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Míksà wà lórí tábìlì. Kò mú sukudiráfà. Ó ki míksà náà bọ iná, ó tì í sí apá kan, ó mú mítà. Ó fi ẹnu mítà kan sí ara irin míksà, ó fi èkejì sí irin tó rì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ojú mítà sí DJ kó lè kà á.

231.

Ó mú gílóòbù kan tó ní wáyà méjì, ó so ó sí ibi kan náà. Gílóòbù náà tàn kíkankíkan, bí èyí tó wà lójú àjà. Ká ní ó ṣe é lówùúrọ̀ ní Wuse, lásìkò tí irin náà ta DJ lọ́wọ́, mítà ì bá kà nǹkan bí ìdajì, gílóòbù kì bá sì tàn rárá. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń jo iná díẹ̀ sára bí kò bá ní ẹ́ẹ̀tì. Ó ń yúnni, kì í pani. Gílóòbù tó tàn kì í ṣe jíjò.

20:35. Ó yọ ọ́ kúrò lára iná. Ó tú ṣúúrù méje, ó wo ihò ẹ̀kẹjọ, ó ní "hẹn-ẹn." Ó gbé ìdérí. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo etí irin. Rọ́bà wáyà aláwọ̀ igi ti là níbi tí ìdérí ti fún un mọ́ irin. Bàbà inú rẹ̀ ń dán, ó kéré bí orí abẹ́rẹ́, àmì dúdú kan sì wà lára irin níwájú rẹ̀. Nínú ijó aago mẹ́ta ni ìdérí ti ń rẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn náà ló rí téèpù dúdú. Ó tú u, ìlọ́po mẹ́ta. Wáyà aláwọ̀ ewé méjì yọrí.

"Ta ló gé eléyìí?"

DJ sọ ọ́.

"Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wáyà yìí ní nìyí," ni Alájì wí. "Bí iná bá bọ́ sára irin, òun ló máa gbà á lọ sílẹ̀. Fíúsì á já. Míksà á kú. Wàá máa bú mi pé míksà kú lóde."

Fíúsì inú pọ́lọ́ọ̀gì náà jẹ́ 13 ámpíà. Iná tó gba ara ọmọbìnrin náà kò tó ẹyọ ọ̀kan nínú 13 yẹn, fíúsì kò sì mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Láti aago mẹ́ta títí di aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ, jẹnẹrétọ̀ ló gbà wọ́n: iná irú jẹnẹrétọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ kò so mọ́ ilẹ̀, ara rẹ̀ nìkan ló ń padà sí, ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kò sí lójú ọ̀nà rẹ̀. Iná ìjọba so mọ́ ilẹ̀ láti ìdí tiransifọ́mà òpópónà. Ṣájà láptọ́ọ̀pù sì ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Nípasẹ̀ wáyà orin, ẹsẹ̀ kẹta yẹn nìkan ló kù tó so míksà mọ́ ilẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gé tirẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ ní 16:36, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ṣì ni wọ́n ń lò nígbà náà, ohunkóhun kò sì ṣẹlẹ̀.

Kì í ṣe Kubwa ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1972, ní Swansea ní ilẹ̀ Wales, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, Leslie Harvey, fọwọ́ kan máìkì tí kò ní ẹ́ẹ̀tì lórí ìtàgé, ó sì kú. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni iná láti ara gìtá pa Keith Relf, akọrin ẹgbẹ́ Yardbirds, nílé rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn kò bàjẹ́ lójú ẹni tó ń gbọ́ orin.

21:05. Alájì ti pààrọ̀ wáyà aláwọ̀ igi. Ó ti jó ẹ́ẹ̀tì padà, ó fi ṣúúrù dè é, ó fà á wò. Ó ki ṣúúrù kẹjọ sí ihò rẹ̀. Mítà kà òdo.

"Mú láptọ́ọ̀pù wá. Ki ṣájà bọ̀ ọ́."

Míksà ń kùn.

"Yọ ṣájà."

Kẹ́kẹ́ pa.

"Dá a padà."

Ó ń kùn. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ méjèèjì gbà dé ilẹ̀, nínú wáyà orin ni wọ́n sì ti ń bára wọn jà. Ohun tó ń yanjú rẹ̀ kò gba sukudiráfà: kí láptọ́ọ̀pù máa lo bátìrì rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi tiransifọ́mà kékeré kan sáàárín wáyà orin. Alájì ní ọ̀kan nínú dúrọ́ọ̀. Ó fi sí i. Ìró náà lọ, mítà ṣì kà òdo. Gbogbo rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Mo bi ọ́ láàárọ̀ ohun tí o so mọ́ ọn."

"Mi ò gbọ́ sà."

21:30. DJ jáde sẹ́nu ọ̀nà. Ó pe ilé ìwòsàn. Ọmọ náà ti jẹun, ó ti sùn. Ó wá pe Wuse. Ó dún fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e. Orin ń lọ lẹ́yìn, ariwo ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, ẹni kan ń dúnàádúrà.

"Ẹ̀gbọ́n mi!" ni atúnrọṣe náà wí, inú rẹ̀ dùn. "Òde ńkọ́? Kò kùn mọ́, àbí?"